Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí súwíìṣì ẹ̀rọ agékoríko

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ará ilé wà. Nípa ẹ̀rọ agékoríko oníjókòó rẹ tó ń lo bátìrì, o ní bátìrì kún, síbẹ̀ bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, nígbà mìíràn yóò lọ, nígbà mìíràn kò ní mira rárá, àti pé ẹnìkan ti ní kí o ra mọ́tò tuntun. Jọ̀ọ́, má tíì náwó. Nígbà tí o bá tún yí kọ́kọ́rọ́, tẹ́tí sí kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná lọ bá mọ́tò. Bí kò bá dún “kọ̀”, iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mọ́tò nínú ọ̀rọ̀ náà?

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ irú èyí, iná kékeré tó ń jí kọ́ńtákítọ̀ ń gba inú fíúsì, súwíìṣì kọ́kọ́rọ́, ti ìjókòó àti ti bírékì kọjá ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ já. Àwọn mìíràn wà tí súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ní waya tirẹ̀ lọ sí kọ̀ǹtírólà, ìyẹn àpótí tó ń darí mọ́tò, nítorí náà kọ́kọ́ wo àwòrán waya inú ìwé ẹ̀rọ náà.

Gbé táyà tí mọ́tò ń yí kúrò nílẹ̀, tú waya mọ́tò abẹ, kí o sì bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré bátìrì 48 fóòtì nítorí pé kì í sábà gbé ènìyàn bí iná ilé, ṣùgbọ́n bí sípánà tàbí òrùka bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, irin náà lè pọ́n kí o tó ṣẹ́jú.

Yí mítà tí a fi ń wọn iná sí fóòtì DC (iná bátìrì), kí o fi ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀ sórí nẹ́gátíìfù bátìrì, kí o má sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ pupa ni kí o máa gbé tọ ọ̀nà iná láti fíúsì lọ, nígbà tí ẹnìkan bá ti jókòó sórí àga, tí ó tẹ bírékì, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní títàn. Bí o bá rí 48 ní ẹnu ìwọlé súwíìṣì kan, tí o sì rí òdo ní ẹnu ìjáde rẹ̀, ibẹ̀ ni iná kú sí. Èyí tó máa ń dààmú ènìyàn jù ni súwíìṣì tí kò kú tán: 48 wọlé, 40 ló jáde, nítorí pé ojú irin inú rẹ̀ ti jó. Bí o bá yọ irú rẹ̀ tí o fi mítà dán an wò bóyá ó já, mítà lè máa ké bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ẹ̀rí ìró yẹn nìkan. Fóòtì tí mo bá kà nígbà tí iná ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo gbà.

Súwíìṣì abẹ́ àga ni mo fura sí jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà gbágungbàgun ni ẹ̀rọ náà máa ń kú sí. Abẹ́ àga ni eruku koríko àti omi ń sá pamọ́ sí. Fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ. Bí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bá ti bo ojú bàbà, ha á kúrò, kí o sì fún ẹnu abo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ kí ó lè gbá akọ mú. Fífọ́n oògùn sí i lásán kì í tọ́jọ́. Lẹ́yìn náà, máa mi waya rẹ̀ bí mítà ti ń kà. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, waya tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ní ẹjọ́ láti rò. O lè fi waya kékeré so ẹnu súwíìṣì náà pọ̀ láti fi dá ara rẹ lójú, ṣùgbọ́n má ṣe gé koríko bẹ́ẹ̀ láéláé, torí òun ló ń dá abẹ dúró bí ènìyàn bá já bọ́.

Bí fóòtì bá pé dé ẹnu kọ́ńtákítọ̀ tí kò sì dún, òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí kí waya tó ń dá iná rẹ̀ padà sí nẹ́gátíìfù ti já. Bí ó bá dún tí ẹ̀rọ kò lọ, yẹ ojú irin ńlá inú rẹ̀ wò kí o tó dé orí mọ́tò. Kọ iye tí o bá kà ní ẹnu súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwọ̀ waya tó wà níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akin