Ẹni Tó Ń Dí Ihò Páànù: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Iléṣà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Ọwá Obòkun,

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti ṣe ìpàdé àdúgbò wa. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tó kọ́ ilé tuntun lọ́lá. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ilé wọn dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo kọjá níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Ìyá àgbà tó ni ibẹ̀ dúró nísàlẹ̀, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sókè, ọmọ-ọmọ wọn wà lórí àkàbà, ó ń fi ọ̀dà dúdú dí ihò páànù kí òjò tó dé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti mọ ìyá náà mọ́ iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ wọn ní ìpàdé. Ohun tí mo tiẹ̀ máa ń gbọ́ nípa wọn ni pé, "Wọn ò rówó kọ́ tuntun ni."

Ṣé ẹ mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe dé Iléṣà? Àwọn baba wa Òṣómàáló ni. Wọ́n á ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi!" (Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Owó tí wọ́n lóṣòó gbà yẹn ló rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá yín nílé ìwé.) L'Ékòó, wọ́n rí ilé àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl tí wọ́n sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, òpó tí wọ́n ya òdòdó sí, bákónì tó kọjú sí títì. Ó wù wọ́n. Wọ́n gbé àrà náà wálé, owó kòkó sì bá wọn fẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná ha ara ògiri díẹ̀, ẹ ó rí i pé amọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Amọ̀ yìí gan-an ni èmi ṣẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà l'Ékòó, mo fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé bàbá wa láti òkè délẹ̀. Mo rò pé mo ń tún un ṣe ni. Ọdún méjì kò pé tí ara ògiri fi wú, sìmẹ́ǹtì ń já bọ́ ní ńlá ńlá, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bàbá bíríkìlà kan ló là mí lóye. Omi ilẹ̀ a máa gun ògiri amọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, ògiri á làágùn ún dànù. Sìmẹ́ǹtì mi ló dí ojú ìlàágùn yẹn, omi wá há sínú. Bàbá ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n po amọ̀ pupa mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó rọ̀, wọ́n fi rẹ́ ilé náà padà. Wọ́n la gọ́tà yí ìdí ilé ká, wọ́n sì ní kí káfíńtà jẹ́ kí páànù yọ síta sí i. Ògiri yẹn dúró dòní.

Nígbà tí ẹbí péjọ láti ṣí ilé náà, ta ni wọ́n yìn? Èmi! Èmi tí mo ra sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ wó o. Bàbá jókòó sẹ́yìn, wọ́n bu ìrẹsì fún wọn. N kò dìde kí n ní ẹ dúró ná. Ojú ṣì ń tì mí. Bàbá ti lọ báyìí, n kò sì mọ orúkọ àbísọ wọn. "Bàbá Bíríkìlà" ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ìjọba ni kó ṣe é. Ìjọba ti kéde Ilojo Bar l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, àwọn kan wó o palẹ̀ ní 2016. Ìwé ìkéde kì í dí páànù. Ẹ wá wo Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti 1898: ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy 1995 ló dìde sí i tí wọ́n fi tún un ṣe. Àwọn èèyàn lásán bíi tèmi tìrẹ ni wọ́n.

Nílé wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ tó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, kí ni wọ́n pe ara wọn? Àtúnlùúṣe. Wọn ò pe ara wọn ní Akọ́lé-tuntun. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí à ń fún lóyè lóde òní! Yinni yinni kí ẹni ṣèmíì. Ẹni tí a kò yìn rí, bó pẹ́ bó yá, á bá oníbúlọ́ọ̀kù sọ̀rọ̀, kátápílà á sì dé láàárọ̀. Ti ìjà ẹbí lórí ta ló ni yàrá wo, n kò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ilé tí gbogbo èèyàn ni, òjò rẹ̀ kì í kan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ìpàdé ẹbí yín máa dárúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó ń gbá a, tó ń pààrọ̀ ìṣó, kí ẹ tó dárúkọ ẹni tó fowó ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ lẹ pátákó mọ́ ara ilé, ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ sí i pẹ̀lú ti onílé.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, káfíńtà kan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ fèrèsé ayé ijọ́un ń bọ̀ wá pààrọ̀ igi àjà tí ikán jẹ nílé wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tó dára wá. Ẹ ya ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ mú obì dání. Wọn kì í mu ọtí.

Èmi ni bàbá yín,
ní Òkèṣà, Iléṣà.