Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àwọn ọkùnrin tó ti gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara kan tí ọkùnrin nìkan ní) ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àpò ìtọ̀ wà lókè prostate, òpin ìfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtànṣán kì í ṣàì kàn wọ́n, ó sì lè fa jẹjẹrẹ mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ewu náà kò pọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2022 lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì fi hàn pé 3.7% àwọn tó gba ìtànṣán ló tún ní jẹjẹrẹ mìíràn, 2.5% nínú àwọn tí kò gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sá fún ìtọ́jú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àyẹ̀wò PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate, nìkan ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. PSA kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ìtọ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́, kódà lẹ́yìn ọdún 10, ẹ má gbà pé àpá ìtànṣán lásán ni. Ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti gba ìtànṣán rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Òun gan-an wà lára olórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Òǹkàwé yín