Lẹ́tà sí Àkànní lórí ọ̀rọ̀ eyín

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé oòrùn Yola ò pọ̀ jù? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì tún un gbọ́, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ já geere. Pẹ̀lẹ́, ara á mókun. O bèèrè bí a ṣe rí owó eyín Ìyá Ìbejì san. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè máa wò ó nígbà tí o bá ń bá àwọn HMO rẹ, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ san owó ìtọ́jú ìlera, sọ̀rọ̀.

Eyín ọgbọ́n, ìyẹn eyín tó gbẹ̀yìn, nísàlẹ̀ lápá òsì, ni tirẹ̀. Kàkà kó hù sókè, ó dùbúlẹ̀, ó ń forí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀. Ìdajì yọ síta, ẹran bo ìyókù, oúnjẹ sì ń há sábẹ́ ẹran náà. Bó bá ti wú báyìí, ẹnu rẹ̀ ò ní là ju ibi tí ṣíbí tíì lè gbà wọlé. A ra oògùn, ó rọlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dé.

Dókítà eyín aládàáni kan ní Bódìjà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. Iye tó pè ju ìdajì owó oṣù mi lọ. Ọkàn mi balẹ̀, ṣebí HMO wà níbi iṣẹ́ Ìyá Ìbejì. Àwọn yẹn ní àwọn ń sanwó fífọ eyín, dídí ihò eyín àti yíyọ eyín lásán, àmọ́ bó bá ti di pé wọ́n máa la ẹran, kò sí nínú ètò tiwọn. Inú bí mi. Obìnrin tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ láìsinmi, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọsibítù!

La bá gbá ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ mú. O mọ̀ pé orúkọ ìyàwó ẹni wà lábẹ́ tẹni, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí wọn ò tíì pé ọdún 18. Ní ọsibítù tí a fi orúkọ sílẹ̀ sí, akọ̀wé ibẹ̀ fi ìwé ìgbà tó ṣì ń jẹ́ NHIS hàn wá, kí òfin ọdún 2022 tó sọ ọ́ di NHIA: ìtọ́jú eyín kó má bàa bàjẹ́, pípa ìrora, dídí ihò, yíyọ eyín lásán. Ó ní ibẹ̀ ló parí sí. Dókítà ọsibítù náà ló gbà wá. Kò kọ ọ́ pé eyín ọgbọ́n la fẹ́ yọ. Ó kọ ọ́ pé ibẹ̀ ń wú, ó ń ṣọyún, ó ń lọ ó ń bọ̀. Pé aláìsàn ò lè la ẹnu jẹun. Pé eyín iwájú rẹ̀ ti ń jẹrà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, òun gan-an ló sì mú kí wọ́n gbọ́. HMO tó wà fún ètò ìjọba náà kọ́kọ́ kọ̀. A fi fọ́tò X-ray kún un, kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n gbà láti sanwó, jáde. Owó X-ray ti àpò wa wá, a sì san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn, bí ètò náà ṣe là á kalẹ̀.

Ọsibítù UCH níbí ni wọ́n ti ṣe é. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi ìlà tín-ínrín kan hàn wá lábẹ́ gbòǹgbò eyín, ó ní iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára nìyẹn, ètè lè kú tipiri fúngbà díẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Wọ́n la ẹran, wọ́n gbẹ́ egungun díẹ̀, wọ́n la eyín náà sí méjì kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n sì rán ojú ibẹ̀. Omi gbígbóná díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ ló fi ń fọ ẹnu láti ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi sítíróò fa nǹkan mu, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò má bàa ṣí kúrò.

Ìwọ náà, má sanwó kankan sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé wọ́n á dá a padà. Kóòdù kọ́kọ́, iṣẹ́ abẹ tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá kọ̀, ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí o gbé e lọ sí ọ́fíìsì NHIA tó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí wíwú yẹn bá sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, tàbí tí o ò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí ibà dà bò ọ́, má dúró de kóòdù ẹnikẹ́ni. Pàjáwìrì nìyẹn, ọsibítù tó sún mọ́ ọ jù ni kí wọ́n gbé ọ lọ, wọ́n á yanjú ìwé lẹ́yìn. Jọ̀ọ́, sọ èyí fún ìyàwó rẹ náà.

Ìyá wa ní Ọjà-Ọba ò ní ìwé ìlera kankan títí di ìsinsìnyí. Mo fẹ́ mú wọn lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ OYSHIA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí o bá fọwọ́ sí i.

Ya fọ́tò ìwé tí dókítà bá kọ kí o tó gbé e lọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyá Ìbejì ní kí n kí yín.

Èmi ni,
Àjàní.