Owó pàǹtí: kí kálukú san ìwọ̀n ohun tó dà nù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí owó pàǹtí tó ń fò sókè ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, nítòsí Gáréèjì Ìbàdàn, ọwọ́ mi sì ni owó tí à ń san fáwọn akólẹ̀kódọ̀tí ń gbà kọjá. Mo mọ ẹni tó ń san, mo mọ ẹni tó ń sá, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sá.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí yàrá kan ń san 500 náírà lóṣù. Ó di 800, ó di 1,000, ìwé tuntun sì ti dé báyìí pé 1,500 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ìwé náà kò ṣàlàyé kankan. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn tó ń kó o, ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń gòkè ni ẹsẹ̀ mọ́tò ń jìnnà sí i. Oṣù mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ kí a tó gbúròó wọn, àwọn àpò tá a ti di síwájú ilé á ti ya, ajá àti ewúrẹ́ á ti tú u ká.

N kò ní torí ìyẹn pe ẹnikẹ́ni lólè. Ìnáwó wọn ti pọ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ 200 náírà fún lítà kan kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Díísù tí mọ́tò ńlá ń lò kò sí nínú owó ìrànwọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí náírà ṣe ń wálẹ̀ lòun náà ń gbówó lórí. Mọ́tò tó ń ki pàǹtí mọ́lẹ̀ yìí kì í sì í ṣe orí ìrìn nìkan ló ti ń jó epo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń ti irin tó ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀, torí náà bó bá dúró síwájú ilé yín tó ń kùn, díísù ló ń lọ. Ẹ ṣírò táyà, ẹ ṣírò owó iṣẹ́ àwọn ọmọ tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ṣírò ọ̀nà tó jìn dé ààtàn. Ẹni tó bá ní kí iye náà padà sí 500 náírà kò sọ òótọ́ fún ara rẹ̀.

Ohun tí mo ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Orí yàrá ni wọ́n ń ka owó sí. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ata ní Òkè-Ajé. Òun nìkan ló ń gbé yàrá rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ kó tó kúrò nílé, ó sì di alẹ́ kó tó wọlé. Bó bá bẹ ewùrà láti fi ṣe ìkọ́kọrẹ́, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń jẹ èèpo rẹ̀. Gbogbo pàǹtí rẹ̀ láàárín oṣù kan kì í kún ìdajì àpò ìrẹsì. Nínú ilé tó kọjú sí tirẹ̀, obìnrin kan ń se oúnjẹ tà nínú yàrá iwájú: èèpo iṣu, ewé, omi ìrẹsì, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ike mínírà, àpò ńláńlá lójoojúmọ́. N kò bá onítọ̀hún wí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n yàrá kan lòun náà ní nínú ìwé, yàrá kan sì ni ìyá aláta ní. Iye kan náà ni mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìyá yẹn bi mí léèrè pé kí lòun dà tó tó ẹgbẹ̀rún kan náírà, n kò rí èsì fún un, títí di òní n kò tíì rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni àìsanwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ á wá ọ̀nà àbùjá. Ó lè pe ọlọ́mọlàńkẹ́ kó fún un ní igba náírà, ìyẹn á gbé e lọ dà sínú igbó tàbí sí etí odò. Ó sì lè dúró de òjò, kó yí àpò náà sí gọ́tà lóru. Gọ́tà tó dí kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Kànga pọ̀ nínú ọgbà wa níbí, inú wọn ni omi ẹlẹ́gbin ń wọ̀ lọ. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà láàárín ọdún 2024, Èkó ló kọ́kọ́ gbalẹ̀ jù, kò sì yọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa sílẹ̀. Sátidé tó ń gbẹ̀yìn oṣù tí à ń ṣe ìmọ́tótó láti ayé ìjọba ológun Buhari kò sì lè wo èyí sàn. A ó gbá gọ́tà, a ó kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, bí mọ́tò kò bá dé kó tó di ọjọ́ tí òjò rọ̀, ibi tó ti wá ló ń padà sí.

Nígbà tí mọ́tò bá wá dé, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ ó rí àwọn àpò ńlá tí wọ́n so kọ́ ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ tó wà lẹ́yìn á fi irin tó tẹ̀ lórí fa àpò wa ya, á yọ ike omi jáde, á da èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á sì sọ ọ́ sínú àpò ọ̀tún. Agolo bíà àti mínírà ń lọ sínú àpò òsì. Páálí tí kò tíì tutù, wọ́n á ká a, wọ́n á kì í bọ àárín orí mọ́tò àti ara rẹ̀. Ọwọ́ wọn yá débi pé kí mọ́tò tó yà kúrò ní òpópónà wa, àpò ike á ti wú. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn pé níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó ní àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n rà á wà, lórí kílò ni, agolo ló sì wọ́n jù, ike tẹ̀ lé e, páálí ló kéré jù. Owó wọn ni, wọ́n ṣiṣẹ́ fún un. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́ láàárín ìgò tó fọ́ àti ìlédìí ọmọ, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Nǹkan tó ní olùrà la kó pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, tá a sì ń sanwó kí wọ́n tó gbé e. Ike tó ṣófo kò wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, àyè ló sì ń sọ iye ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí mọ́tò á lọ sí ààtàn kó bọ̀.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí kíréètì mínírà. Bẹ́ẹ bá fẹ́ rà á lọ sílé, ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà á bi yín ni pé ìgò ńkọ́? Bí kò bá sí, ẹ ó san owó ìgò sílẹ̀, ẹ ó sì gbà á padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá ìgò náà padà. Ìgò kan kì í sùn síta. Àwa ọmọdé ìgbà náà ń wá a kiri lábẹ́ àga lẹ́yìn ìnáwó. Nígbà tí ike dé, owó ìdógò yẹn kò bá a dé, ohun tí kò sí owó lára rẹ̀ la sì ń jù sí kòtò. Ẹ wo Ojúde Ọba náà, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí èrò ṣe ń pọ̀ tó àti bí ike ṣe ń kún ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣa á kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, nítorí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń tà á sí. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti abọ́ fọ́ọ̀mù ló ń dúró deni. Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ní oṣù Kìíní 2024, mo sì gbà pé ó yẹ ká ṣe tiwa.

Ohun tó pọ̀ jù nínú àpò wa, síbẹ̀, ni ohun tó ń jẹrà: èèpo gbágùúdá, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Omi kún inú rẹ̀, òun ló ń mú kí mọ́tò wúwo, òun ló ń rùn, òun náà ló ń sun omi dúdú sílẹ̀ ní ààtàn. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àwọn òbí wa kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Ilá àti tẹ̀tẹ̀ ń hù lórí rẹ̀, wọ́n sì ń bu ilẹ̀ rẹ̀ lọ sóko. Ọ̀rá ló bà á jẹ́. Bí ọ̀rá bá ti wọ inú rẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tó máa fẹ́ ẹ mọ́. Ẹni tó bá ya ohun tó ń jẹrà sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́ tàbí fún oko ti dín ẹrù mọ́tò kù, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe wà yìí, kọ́bọ̀ kan kò ní yọ kúrò nínú owó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: kí á kúrò ní orí yàrá, kí á bọ́ sórí àpò. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Gúúsù Kòríà. Àpò tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí ni wọ́n ń tà fáwọn aráàlú, owó kíkó pàǹtí ti wà nínú iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tó bá da púpọ̀ á ra púpọ̀. Ike, agolo àti páálí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ kò gba àpò yẹn. Kí ló dé tí àpò bẹ́ẹ̀ kò lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀rá ní Òkè-Ajé, kéékèèké fún ìyá aláta, ńláńlá fún olóúnjẹ? Mọ́tò tí kò bá dé kò ní rí àpò kó, kò sì yẹ kó rí owó gbà.

Àwọn kan nínú ìpàdé wa ti sọ pé àwọn èèyàn á sá fún àpò, wọ́n á máa dà á sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Èsì mi ni pé gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí báyìí náà, pẹ̀lú owó yàrá. Ohun tó máa dá a dúró ni kí á rí wolé-wolé láàárín wa lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni n kò ní tan ẹnikẹ́ni pé owó ike á san gbogbo gbèsè. Lọ́dún 2018 tí Ṣáínà kọ̀ láti máa gba àlòkù ike ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà tó ń rówó lórí ike tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sanwó kí wọ́n tó bá wọn gbé e. Ọjà ni, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù tó fúyẹ́ ni èrè tó dájú níbẹ̀.

Ta ló máa ṣe é? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, to ìkódọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ, ni mo kọjú ọ̀rọ̀ mi sí. Kí wọ́n mú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kí wọ́n fi àpò dán an wò fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n sì dá owó tuntun yìí dúró títí tí wọ́n á fi rí ohun tó bá tìdí rẹ̀ yọ. Àdúgbò wa ti ṣe tán láti jẹ́ àkọ́kọ́, ìpàdé wa ti fẹnu kò lé e lórí.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn yín kan lọ béèrè ìwé àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó ń kó pàǹtí àti àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde: iye ìgbà tó yẹ kí mọ́tò dé, ohun tí wọ́n fi ṣírò owó yàrá, ibi tí wọ́n ń dà á sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìyẹn jáde kí oṣù tuntun tó wọlé, torí láti ọjọ́ kìíní rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gba 1,500.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò àdúgbò kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.