Ẹ má gba orúkọ Àjàyí lọ́wọ́ ọmọ tó ni ín

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, inú ń bí mi gidigidi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi ọkùnrin lọ forúkọ ọmọ tuntun rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ládùúgbò wa, ní Àgbádárìgì níbí. Ó ní Àjàyí lọmọ ń jẹ́. Akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Orúkọ ìdílé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tí ẹ sọ ọmọ ni mò ń bèèrè." Ọmọ mi ní òun náà nìyẹn. Akọ̀wé ní òun ò lè gbà á, kí wọ́n mú òmíràn wá, èrò ń bẹ lẹ́yìn. Ọmọ mi tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ni, ọjọ́ sì ti ń lọ, ló bá dárúkọ tí pásítọ̀ wọn fún ọmọ. Bí ìwé ṣe jáde nìyẹn, Àjàyí ò sí níbẹ̀ rárá.

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà lóru ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yìí. Bí mo ṣe gbọ́ ẹkún rẹ̀ ni mo gbọ́ tí ìyá agbẹ̀bí ké pé, "Àjàyí dé o! Ó dojú bolẹ̀ wáyé!" Wọn ò tíì gé ìwọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi tó wà lọ́dọ̀ wọn nínú yàrá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àjàyí Ògídí Olú, oníkàngá àjípọn!" Ta ló sọ ọ́ lórúkọ nínú wa? Ọmọ ló mú orúkọ rẹ̀ wá.

Ohun tí àwọn tí ìjọba fi jókòó síbẹ̀ ò mọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbọ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, wọ́n rò pé gbogbo orúkọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àbísọ là ń wolé sọ. Ti àmútọ̀runwá, bí ọmọ ṣe wá là ń wò. Èyí tó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí, èyí tó fẹsẹ̀ wá ni Ìgè, ọkùnrin tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn ni Òjó, obìnrin irú rẹ̀ ni Àìná. Àwọn Ègùn tí a jọ ń gbé pàápàá ní Agosu fún èyí tó fẹsẹ̀ wá. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé ni wọ́n ní kí kálukú mú orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ tí ò dojú bolẹ̀ wá náà ṣe di Àjàyí. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ṣé torí ìyẹn lẹni tó ni ín ò ṣe ní lè jẹ́ ẹ mọ́?

Ó tún wá jẹ́ Àgbádárìgì! Àjàyí ni wọ́n ń pe Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní Ọ̀ṣoògùn kí wọ́n tó kó o lẹ́rú ní 1821. Sàró ló ti ṣèrìbọmi ní 1825, tó gba orúkọ òyìnbó. Ní 1845, òun àtàwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS gúnlẹ̀ síbí. Títí dòní là ń mú àlejò lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ sétí ọ̀sà, tí à ń fẹnu ara wa pe bíṣọ́ọ̀bù náà ní Àjàyí Crowther. Ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ní kò sí Olúwa nínú Àjàyí, ṣé Bíbélì tí Àjàyí bá wa túmọ̀ kọ́ lẹ̀ ń kà lórí àga ìwàásù?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Nọ́ọ̀sì máa ń kọ aago tí a bí ọmọ sórí káàdì, ó ń kọ bó ṣe wúwo tó, ó ń kọ bóyá akọ ni tàbí abo. Kí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo kún un: Báwo lọmọ ṣe wá? Ẹni tó gbẹ̀bí ló mọ̀. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dojú bolẹ̀, tàbí pé ó fẹsẹ̀ wá, kó kọ orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ tì í, kó buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, dókítà náà lójú, yóò rí ìwọ́ lọ́rùn Òjó. Káàdì yẹn ni bàbá ọmọ yóò gbé ka iwájú akọ̀wé. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn akọ̀wé pẹ̀lú.

Wọ́n ní a ó lọ búra ní kọ́ọ̀tù, a ó sì sanwó, kí wọ́n tó lè yí ìwé padà. Kí la ṣe? Ọmọ ló mú orúkọ rẹ̀ wá! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti bàbá ọmọ ń padà lọ sí ọ́fíìsì náà. Ìyá agbẹ̀bí ti gbà láti bá wa lọ.

Bàbá àgbà Àjàyí,
Àjàrá, Àgbádárìgì