Sí Àkànní, lórí ọ̀rọ̀ Gymi àti iṣẹ́ iná

Àkànní ọmọ mi,

Láti ọjọ́ tí èsì ti dé pé o kò yege ìdánwò Gymi, ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń múni lọ sí yunifásítì, ni o kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa nínú ilé yìí. Iṣẹ́ alẹ́ tí mo ń ṣe kì í sì í jẹ́ ká jọ jókòó, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Kà á tán kí o tó bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé Àkànní fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, àbí kò sí yunifásítì ní Zürich ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Lójú tiwọn, ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí ni wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Òbí á san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ á máa gbálẹ̀, á máa pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, títí wọ́n á fi ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un. Níbí, ọ̀gá ló ń san owó oṣù fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ìwé àdéhùn wà, kántónì, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀, ló sì ń fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wàá lò lẹ́nu iṣẹ́, ìyókù di ti Berufsschule, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ Swítsàlandì ló ń gba ọ̀nà yìí. Ọmọ dókítà wà níbẹ̀, ọmọ àwa tí à ń tọ́jú arúgbó náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, má torí ohun tí wọ́n máa sọ n'Íbàdàn sá fún iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìbínú sá lọ bá a. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí ìdánwò oṣù Kẹta tó dé, Gymi nìkan lo ń sọ. Lọ́jọ́ tí èsì jáde lo ní iná mànàmáná lo fẹ́ràn láti kékeré. (Láti kékeré wo? Fíùsì tó jó lọ́jọ́ sí, bàbá rẹ ló pààrọ̀ rẹ̀, ìwọ ń wo fóònù.)

Kíláàsì kejì Sek A, ẹ̀ka tó le jù ní sẹ́kọ́ńdìrì, lo ṣì wà. O lè tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí Kurzgymnasium, Gymi ọlọ́dún mẹ́rin, ń gba ọmọ láti kíláàsì kẹta náà. Jámánì àti ìṣirò ni wọ́n á tún bi ọ́. Ìṣirò kò dà ọ́ láàmú rí, àròkọ Jámánì ló fà ọ́ sẹ́yìn, Züridütsch, Jámánì ẹnu ará Zürich, tí ẹ ń sọ nínú tíráàmù kọ́ ni wọ́n sì ń fẹ́ lórí ìwé. Bí o bá wọlé, wọ́n ṣì máa fi ìdajì ọdún àkọ́kọ́ dán ọ wò, máàkì tí kò tó sì lè dá ọ padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Matura, ìwé ẹ̀rí Gymi, á gbé ọ wọ ETH, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, tàbí Yunifásítì Zürich láìsí ìdánwò ìwọlé mìíràn, àfi tó bá jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn lo fẹ́ kà. Nítorí pé ibí là ń gbé, 730 fránkì ni ETH máa gbà lọ́wọ́ rẹ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ti Nàìjíríà wá, 2,190 ni tirẹ̀, kó tó wá kan owó ilé ní ìlú yìí! Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn wọ ETH, ọ̀tọ̀ ni kó dúró níbẹ̀. Ìdánwò ọdún kìíní wọn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbà kí èèyàn ṣe é. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọdún mẹ́rin náà ni iṣẹ́ Elektroinstallateur, iṣẹ́ iná tí o ń sọ yìí. Bí o bá yàn án, mo fẹ́ kí o so Berufsmatura, Matura àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á máa sinmi nígbà tí ìwọ ń kàwé. Ẹni tó bá ní in lè lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ZHAW ní Winterthur. Bí ọkàn rẹ bá sì ṣì ń fà sí ETH, ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń pè ní Passerelle wà fún un: ọdún kan àti ìdánwò tó le. Ọ̀nà yẹn gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ á ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Ìtàn Einstein tí gbogbo èèyàn ń fi tu ọmọ nínú, o ti gbọ́ ọ: ní 1895, lọ́mọ ọdún 16, kò yege ìdánwò ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní ETH lónìí. Ibi tí wọ́n máa ń fò ni èmi fẹ́ràn. Ó lọ jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Aarau fún ọdún kan, ó gba Matura, ó sì padà wọlé ní 1896.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ò pọ̀. Nínú ọlidé tó ń bọ̀, lọ ṣe Schnupperlehre, ìkọ́ṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ láti fi tọ́ iṣẹ́ wò, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ oníná kan, kí o jí láago márùn-ún, kí o gbẹ́ ògiri, kí o fa wáyà nínú ilé tí wọn ò tíì fi fèrèsé sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá sọ fún mi bóyá o fẹ́ràn iná. Títí dìgbà náà, máa kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ rẹ. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, Akínkúnmi ni kí o kọ, kó pé. Má kọ Kim.

Bàbá rẹ ti gba àyè ní Laufbahnzentrum, ibi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin. Mú ìwé máàkì rẹ dání.

Èmi ni,
Ìyá rẹ