Bí Ilé Ìtajà Ńlá Bá Kógbá Sílé, Ta Ni Yóò San Owó Àwa Tí A Kó Ọjà Lọ?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde nípa àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń tì ló mú mi kọ̀wé. Ẹ sọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, ẹ sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ọ̀rọ̀: àwa tí à ń kó ọjà lọ síbẹ̀.

Èlùbọ́ ni mo ń dì ní Mọ́níyà níbí, ti iṣu àti láfún. Kí ọjà èèyàn tó dé orí pẹpẹ ilé ìtajà ńlá, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Àwọn NAFDAC á wá wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí o lẹ táìlì, kí o fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. O ó gba bákóòdù. O ó lọ tẹ ọ̀rá tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í sì í gbà láti tẹ díẹ̀ fún èèyàn. Gbogbo owó yìí ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ra kílò kan. Bí o bá wá gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kà á, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á ní kí o padà wá gbowó ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Èyí tí kò bá tà, ìwọ lo ni ín, wá kó o.

Ẹni tó ta iṣu fún mi kì í ta àwìn. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ́, tí wọ́n ń sá a, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbowó. Àwa gan-an la wá ń yá ilé ìtajà ńlá lówó.

Ilé ìtajà tí mo kó ọjà fún kò sí nínú àwọn tí mo máa dárúkọ nínú lẹ́tà yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Orí pẹpẹ la ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ò lọ déédéé mọ́. Wọ́n ń to omi inú ìgò, irú kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ọmọkùnrin tó máa ń gba ọjà lọ́wọ́ wa rọra sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ má kó púpọ̀ wá mọ́ o." Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà lé e. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ṣéènì ti wà lẹ́nu géètì. Ìwé gbèsè wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, owó rẹ̀ kò wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé ìtajà kan ṣoṣo. Woolworths ti South Africa fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2013, Mr Price ní 2020, Game ní 2022. Shoprite, tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Lẹ́kí ní oṣù Kejìlá 2005, kéde ní oṣù Kẹjọ 2020 pé òun fẹ́ máa lọ, Ketron Investment sì rà á ní 2021. Síbẹ̀, ti Kánò tì ní oṣù Kìíní 2024, ti Wuse l'Ábùjá tẹ̀ lé e ní òpin oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Ẹni tó bá ń wá ìdí, kó wo dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, tó sì ti kọjá ₦1,500 kí ọdún tó yípo. Ẹ fi owó dísẹ́ẹ̀lì kún un, àti owó ilé tí àwọn onímọ́ọ̀lù mìíràn ń fi dọ́là bu lé àwọn ayálégbé lórí. N kò sọ pé ìkà ló ń ti ilé ìtajà pa.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa lọ, pé ọjà olówó ni, pé Bódìjà ò kúrò, Ọjà-Ọba ò kúrò. Fún ẹni tó ń rà, mo gbà. Kingsway, ilé ìtajà ńlá àtijọ́, lọ, ebi kò tìtorí ìyẹn pa ará Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kóńgò ra èlùbọ́ ní Bódìjà kò ní san owó ọ̀rá tí mo tẹ orúkọ sí, kò sì ní san owó táìlì. Owó tí mo ná nítorí ilé ìtajà ńlá, ilé ìtajà ńlá nìkan ló lè dá a padà. Bákan náà ni ti ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré sínú mọ́ọ̀lù, tó ti san owó ọdún sílẹ̀ nítorí èrò tó ń wá sí ilé ìtajà ńlá náà. Èrò ò wá mọ́, owó ti lọ. Àti àwọn ọlọ́kadà, àwọn oní-POS, ẹlẹ́sùúyà ẹnu géètì.

Òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bó bá fẹ́ dín èèyàn kù, kó sì gbìyànjú láti bá wọn jíròrò owó tó máa fún wọn. Bánkì ti gba ìdógò. Àwa kò gba nǹkan kan, ẹ̀yìn pátápátá la máa ń tò sí.

Ẹ wo Kenya. Ilé ìtajà tó tóbi jù níbẹ̀ nígbà kan, Nakumatt, wó lulẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2020 àwọn tó jẹ lówó dìbò pé kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn tó kó ọjà fún un jìyà gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n ti tún òfin ìdíje ọjà wọn ṣe, kí olùrà ńlá má lè máa fi owó ẹni tó kó ọjà wá falẹ̀ láìnídìí. Nígbà tí Tuskys, ilé ìtajà ńlá mìíràn níbẹ̀, náà ń jẹ gbèsè ní 2020, àjọ tó ń rí sí òfin yìí pàṣẹ pé kó san án. Tuskys padà tì, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà rí ibi fẹjọ́ sùn kí géètì tó tì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn lọ́wọ́ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, àti lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa. Kí gbèsè àwọn tó ń kó ọjà kéékèèké lọ má kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Kí ilé ìtajà tó bá fẹ́ tì kéde fún wa ṣáájú. Kí ọjà tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó kó o wá, kí á lè wọlé lọ gbé e kí ẹnikẹ́ni tó lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kó ọjà lọ, ẹ má gbé e sílẹ̀ láìgba ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án, kí ẹni tó ní àṣẹ fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá san ti àkọ́kọ́, ẹ má kó èkejì lọ.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di èlùbọ́,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.